Ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ àtijọ́ ní Kàbà: ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ

Owó ìwọlé tí a san kò dùn mí rárá. Ohun tó mú kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ọmọ fọwọ́ kan iṣẹ́ níbẹ̀, wọn kò kàn dúró wòran.

Ìdí òfì la ti pẹ́ jù. Òfì àwọn obìnrin ilẹ̀ Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá agbègbè Kàbà, ni, èyí tó dúró lóòró, tí aṣọ rẹ̀ máa ń fẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin Ìṣẹ́yìn fi ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Bùnú, ní ilẹ̀ Òkun níbí, ni wọ́n bí ìyá ọkọ mi sí, ó sì ti hun kíjìpá, aṣọ òfì tó nípọn, nígbà ọmọge rẹ̀. Bí Màmá ṣe kí ahunṣọ náà pé “Òkun o”, bí a ṣe ń kíra wa, tán, àwọn méjèèjì ti wọnú ọ̀rọ̀. Ahunṣọ náà gbé apásà, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra, lé ọmọbìnrin mi lọ́wọ́. Màmá ní, “Rọra o, ìyá mi, òwú á já.” Wọ́n so aṣọ ìpò pupa kan rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ àgbà ńlá sí nígbà ìsìnkú. Màmá ló ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé láyé àtijọ́, àwọn ahunṣọ a máa tú kúbùsù pupa ọsibítù láti rí òwú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọmọkùnrin mi fi ẹwìrì fẹ́ná títí ó fi làágùn. Alágbẹ̀dẹ náà kò jẹ́ kó sún mọ́ irin gbígbóná, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Alárò ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ Ògìdì ni, ìlú Nike Davies-Okundaye, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà aṣọ aláró tí wọ́n bí ní 1951. Ó fi ewé èlú tí wọ́n ti gún sí ìṣù hàn wá, ó fi bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú hàn wá pẹ̀lú, kó tó ri aṣọ bọ ìkòkò. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà gbé jáde. Bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ sí i, ó di búlúù lójú gbogbo wa. Àwọn ọmọ pariwo. Èmi náà pariwo.

Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ló kù díẹ̀ káàtó. Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀: bí ogun Tápà ṣe lé àwọn baba wa gun orí òkè, títí dé ìgbà tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ní ọmọ ogun, wọ Kàbà ní oṣù kìíní 1897. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọ gbogbo gbọ́! Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹ̀rọ orin sí ìtòsí, ó sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Kò sì sí àga fún àgbà nídìí òfì. Ọkọ mi ló lọ yá ọ̀kan wá fún Màmá. Kí àwọn tó ṣètò rẹ̀ jọ̀wọ́ tún èyí ṣe.

Iyán wà, ọbẹ̀ gbóná, iye rẹ̀ kò gani lára.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, ẹ gba Ọ̀bájànà. Ọ̀nà kọnkéré ibẹ̀ dé Kàbà, bíi kìlómítà 43. Ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú. Aṣọ tó ti gbó ni kí ẹ wọ̀ fún àwọn ọmọ, torí aró tó bá ta sí i kò ní í ṣí.