Àgbà kan fún ọ̀dọ́ kan, àbí àgbà márùn-ún?

Ní Philadelphia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọdún 2000 ni wọ́n dá ètò Amachi sílẹ̀ láti wá àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó máa bá àwọn ọmọ tí òbí wọn wà lẹ́wọ̀n rìn, kó sì máa tọ́ wọn sọ́nà: àgbà kan, ọmọ kan, wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún kan ó kéré tán. Ọmọ náà ní ẹni tirẹ̀, ìyẹn ò kéré. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá gbé àgbà yẹn lọ sí ìlú mìíràn, ọmọ tí wọ́n ti já jù sílẹ̀ rí á gbà pé òun ni kò dáa. Ẹni tí kò bá lè dúró pé ọdún kan, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: kí àgbà márùn-ún yí ọ̀dọ́ kan ká. Ọ̀kan ń bá a ṣètò owó ilé, ọ̀kan ń bá a wá iṣẹ́, ọ̀kan ń tẹ̀ lé e lọ rí dókítà. Bí ẹnì kan bá kúrò, ó ṣẹ́ ku mẹ́rin. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tó bá pè lóru: oníkálukú á rò pé ẹlòmíràn ti gbé fóònù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún un.

Fún ọmọ ọdún 10, àgbà kan ni mo fara mọ́. Fún ẹni ọdún 18 tó ń jáde nílé tí ìjọba ti ń tọ́jú ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí, àgbà márùn-ún. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ àgbà wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ má sì sọ pé ó dìgbà tí ọmọ bá wá sí ìsìn kẹ́ ẹ tó ràn án lọ́wọ́.