Ìkìlọ̀: Ẹ má sanwó Skyline R34 láìwo nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá Nissan Skyline GT-R rà ní Amẹ́ríkà, ẹ dákun, ẹ fura. Dílà kan ń ta R34, ìyẹn oríṣi Skyline GT-R kan, ó dínwó díẹ̀ sí ti ọjà, pépà ìpínlẹ̀ ló sì ń nà síni lójú. "Ìpínlẹ̀ ti fún un ní pléètì nọ́ńbà, kí lẹ tún ń wá?" Ohun tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Irọ́ ni. Ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní pléètì nọ́ńbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ń sọ ọkọ̀ tó lè wọ̀lú.

Èmi àti mẹkáníìkì kan jọ lọ wò ó. Skyline 1995 ni pépà pè é. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a tan tọ́ọ̀ṣì sí irin tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. BNR34 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ó hàn kedere. R34 GT-R nìyẹn, ọdún 1999 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. BCNR33 ni ti R33, oríṣi tó ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní 1995. Dílà náà ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Àṣìṣe wo ló máa ń sọ ọkọ̀ di àgbà lójú òfin?

Òfin ọdún 25 ni wọ́n ń sá fún. Ọkọ̀ tí kò bá ìlànà ààbò tí NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò ọkọ̀, ń mójú tó mu, kò lè wọlé wá jókòó àfi tó bá ti pé ọdún 25, tàbí kí agbọkọ̀wọlé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn tún un ṣe dójú ìlànà. Oṣù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ gan-an ni wọ́n fi ń kà á: èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ 2002, ó di oṣù kẹjọ 2027. Bí wọ́n bá ní "Show or Display" ni, ìyẹn àyè pàtàkì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n wọlé fún àfihàn, ẹ ní kí wọ́n mú lẹ́tà àṣẹ NHTSA wá. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rìn ju máìlì 2,500 lọ lọ́dún.

Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ nígbà tí ọkọ̀ wọlé: HS-7, àti 3520-1 ti EPA (àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká), kí nọ́ńbà inú wọn bá ti ara irin mu. Bó bá ní òun ò rí wọn mọ́, ẹ máa lọ. Ọwọ́ ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ni ìjọba ti ń gbà á. Wọ́n lè ní kí ẹ dá a padà sókè òkun, tàbí kí wọ́n fọ́ ọ túútúú.

Ẹni tó bá ti fún un ní àsansílẹ̀, kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kó má tíì gba kọ́kọ́rọ́.