Oúnjẹ ààyè fún ọmọ ẹja òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin: àgbéyẹ̀wò àpapọ̀ rotifer àti algae tí mo ń lò

Bí akọ àti abo clownfish, ẹja òkun kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun, bá ń yé ẹyin nínú táǹkì yín, tí ẹ sì fẹ́ kí àwọn ọmọ náà yè, ẹ ra oúnjẹ wọn kí ẹyin tó pa. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni àpapọ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ ẹja òkun nílé: ìgò rotifer ààyè kan (ẹran omi tíntìntín tí ọmọ ẹja ń jẹ), ìgò algae tó ki dáadáa kan (ewéko omi tíntìntín tí rotifer ń jẹ), asẹ́ kékeré tí ihò rẹ̀ jẹ́ maikíróònù 53 (maikíróònù 1000 ló wà nínú mìlímítà kan), àti ìwé ìlànà ìlò. Mo ti fi tọ́ ọmọ clownfish, irú tí wọ́n ń pè ní Amphiprion ocellaris, láti ọjọ́ tí ẹyin pa títí ìlà funfun fi yọ lára wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, màá sì tún rà á. Àmọ́ ohun méjì wà nínú rẹ̀ tó ń bí mi nínú.

Ọmọ clownfish tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4 lọ. Ojú rẹ̀ ti ríran, ẹnu rẹ̀ ti là, oúnjẹ tó sì gbé wá láti inú ẹyin kéré, kì í pẹ́ tán. Oúnjẹ gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná kò wúlò fún un lásìkò yìí, torí pé ọmọ ẹja kì í ka ohun tí kò mira sí oúnjẹ. Ńṣe ni yóò rì sísàlẹ̀, tí yóò sì ba omi jẹ́. Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìyẹn ọmọ ẹran omi oníyọ̀ kékeré kan tó jọ edé, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ bí ẹni mowó, gùn tó maikíróònù 400 sí 500, ó sì tóbi ju ẹnu ọmọ clownfish lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Rotifer wà láàárín 100 sí 300, kì í sì í yára wẹ̀, ọmọ ẹja lè lé e bá.

Ààyè ni rotifer inú ìgò náà dé ọwọ́ mi. Bí tiyín bá dé, ẹ gbé e sójú iná: ẹ máa rí àwọn tótó funfun tíntìntín tó ń rìn kiri nínú omi. Bí wọ́n bá ti wọlẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò tí wọn ò mira, ẹ dá a padà. Mo dà wọ́n sínú garawa tí ọṣẹ kò kàn rí, pẹ̀lú omi tí gíráàmù iyọ̀ 20 sí 25 wà nínú lítà kan rẹ̀, èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti omi òkun. Ooru omi náà wà láàárín 25 sí 28 ní Celsius. Mo ki ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ lásán, kí afẹ́fẹ́ máa jáde ní ìhó ńláńlá, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Abo rotifer kò nílò akọ kó tó bí, torí náà bí oúnjẹ bá ti tó, wọ́n á máa pọ̀ sí i ni. Tí garawa bá ti kún fún wọn, mo ń sẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lójúmọ́, mo sì ń fi omi iyọ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ẹyin clownfish ń gba nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 kó tó pa, bí omi bá ṣe móoru tó ni. Akọ ló ń ṣọ́ ọ, tó ń fi lẹbẹ fẹ́ omi sí i lára. Àwọ̀ ọsàn ló ń ní níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á máa ṣú. Tí ojú àwọn ọmọ inú rẹ̀ bá ti wá ń dán, ó kù díẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹyin tuntun ni kí ẹ ti gbé garawa rotifer kalẹ̀.

Ní ti algae, ibẹ̀ gan-an ni owó yín wà. Rotifer dà bí àpò: ohun tí ẹ bá dì sínú rẹ̀ ni ọmọ ẹja máa bá níbẹ̀. Ẹ lè fi ìwúkàrà bọ́ rotifer, wọ́n á sì pọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ àwọn ọ̀rá tí ọmọ ẹja òkun kò lè ṣe fúnra rẹ̀ bó ṣe yẹ, DHA àti EPA, kò ní sí níbẹ̀. Ọmọ ẹja á jẹ ẹ́ yó, ikùn rẹ̀ á yọ, síbẹ̀ á kú nígbà tó yẹ kó para dà, ìyẹn kó kúrò ní ọmọ tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, kó di ẹja kékeré tó ní ìlà. Èyí tí mo rà po irú algae méjì pọ̀, Nannochloropsis àti Isochrysis. EPA pọ̀ nínú Nannochloropsis, àmọ́ DHA rẹ̀ kò tó nǹkan. Isochrysis ló ń mú DHA wá. Mo ti lo ọjà mìíràn tó jẹ́ Nannochloropsis nìkan rí, ìyàtọ̀ sì hàn sí mi kedere: pẹ̀lú èyí, àwọn tó la ìgbà ìparadà já pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń wẹ̀ tagbáratagbára. Ẹ máa bọ́ rotifer ní wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó sẹ́ wọn fún ọmọ ẹja, torí èyí tí ebi ń pa ti ṣófo. Inú fíríìjì ni kí ìgò algae máa wà, kì í ṣe ibi tó ti máa dì, kí ẹ sì mì ín dáadáa kí ẹ tó kán an.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń bí mi nínú ni ìwé ìlànà wọn. Wọ́n ní ká da gbogbo algae ọjọ́ kan sínú garawa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Algae tí rotifer kò bá jẹ máa ń rà, omi á kún fún amóníà, garawa tó kún dẹ́múdẹ́mú fún rotifer lálẹ́ sì lè ṣófo kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ pín in sí ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ omi ni kí ẹ máa wò: ẹ kán an títí omi á fi ní àwọ̀ ewé díẹ̀, bó bá ti ń mọ́ padà, ẹ tún kán òmíràn, bó bá ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìfóòfó bá pọ̀ lójú omi, tí òórùn rẹ̀ yí padà, tí rotifer kò sì wẹ̀ mọ́, ẹ tètè pààrọ̀ omi. Ohun tí wọ́n fi ń wọn amóníà kò sí nínú àpapọ̀ náà, lọ́tọ̀ lẹ máa rà á. Garawa méjì ni mo ń lò, asẹ́ ti ọ̀kan kì í kan èkejì.

Òru ni ẹyin ń pa, lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Mo ń tan tọ́ọ̀ṣì sí igun kan táǹkì. Àwọn ọmọ náà á máa bọ̀ wá síbi ìmọ́lẹ̀, n ó wá fi ife bù wọ́n tòun tomi. Ẹ má fi àwọ̀n kó wọn, ara wọn kò lè gbà á. Táǹkì kékeré tí mo ń kó wọn sí dúdú lára yíká, nítorí gíláàsì tó ń dán máa ń jẹ́ kí wọ́n máa forí gbá a títí wọ́n á fi kú. Mo ń kán algae sí omi rẹ̀ kó ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́: ìmọ́lẹ̀ á dín kù, ọmọ ẹja á rí ohun tó ń lé, rotifer tí wọn ò tíì jẹ náà á sì rí oúnjẹ. Rotifer 5 sí 10 nínú mìlílítà kan ni mo ń fẹ́. Mo ń fa mìlílítà kan sínú síríǹjì, mo gbé e sójú iná, mo kà wọ́n.

Lówùúrọ̀, ẹ jókòó tì wọ́n. Ọmọ ẹja á rí rotifer kan, á dúró sójú kan, á ká ara rẹ̀ kò, lójijì á ta sí i. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn àtimáa wò tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Nítorí pé ara wọn ṣì mọ́ gaara, kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí oúnjẹ nínú ikùn wọn, ẹ ó sì mọ èyí tó jẹun àti èyí tí kò tíì jẹ.

Láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, mo ń fi artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kún un díẹ̀díẹ̀, mo sì ń yọ èèpo ẹyin rẹ̀ kúrò. Láàárín ọjọ́ 8 sí 12, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti para dà, ìlà ẹ̀gbẹ́ orí á yọ, wọ́n á sì máa wá ìsàlẹ̀ táǹkì lọ.

Ohun kejì tó ń bí mi nínú ni ohun tí wọ́n kọ sára páálí, pé ó wà fún gbogbo ọmọ ẹja òkun. Kì í ṣe òótọ́. Ọmọ Banggai cardinalfish kò nílò rẹ̀: ẹnu bàbá wọn ni ẹyin ń wà títí á fi pa, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó bá tú wọn sílẹ̀, wọ́n ti tóbi tó láti jẹ artemia lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ angelfish inú òkun ńkọ́? Ẹnu tiwọn kéré jù fún rotifer yìí, ọmọ copepod (ẹran omi tíntìntín mìíràn) bíi ti Parvocalanus ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó bá ra ìgò yìí fún wọn á máa wò wọ́n bí ebi ṣe ń pa wọ́n kú láàárín oúnjẹ tó pọ̀. Kí àwọn tó ń tà á kọ orúkọ ẹja tó bá a mu sára páálí náà. Títí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe clownfish lẹ fẹ́ tọ́, ẹ wádìí bí ẹnu ọmọ ẹja yín ṣe tóbi tó kí ẹ tó sanwó.