Àgbéyẹ̀wò HandBrake: bí mo ṣe fi í yí fídíò ìsìnkú bàbá mi padà fún fóònù

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, onífídíò tí a gbà fi fíláàṣì kan lé wa lọ́wọ́. Fídíò tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 52, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 11. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó mọ́ kedere bí ẹni pé a ṣì wà lágbo. Ṣùgbọ́n tìtorí àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Abẹ́òkúta, la ṣe gba onífídíò, nítorí pé ara rẹ̀ kò le tó láti rin ìrìn-àjò lọ́jọ́ náà, fóònù Android olówó pọ́ọ́kú kan ló sì ń lò. Káàdì mẹ́mórì rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ fáìlì náà: káàdì oní-gígábáìtì 32 sábà máa ń lo FAT32, ètò tí káàdì fi ń to fáìlì, ètò náà kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gígábáìtì 4, bó ti wù kí àyè tó ṣẹ́ kù lórí káàdì pọ̀ tó. Nígbà tí mo wá kó o sínú fóònù fúnra rẹ̀, àwòrán ń dúró, ó ń fò, ìlù sì ti ń lọ níwájú kí ẹsẹ̀ àwọn oníjó tó bá a.

Mo kọ́kọ́ dán áàpù kan tó ń sọ fídíò di kékeré wò lórí fóònù. Ìpolówó ọjà inú rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ tó ṣe lọ, ó sì tún lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ojú àwọn àlejò wa, nítorí náà mo yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí mo wá ń lò títí di òní ni HandBrake, ètò tó ń yí fídíò padà sí irú tí ẹ̀rọ mìíràn lè gbé. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ Windows, Mac tàbí Linux. Eric Petit ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2003 fún BeOS, ètò kọ̀ǹpútà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó kankan nínú rẹ̀. Orí handbrake.fr ni kí ẹ ti gbà á. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn wọ inú ọ̀kan nínú àwọn sáfà tí wọ́n ti ń pín in, wọ́n sì fi ayédèrú tó ní kòkòrò olè nínú rọ́pò ti Mac fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi nọ́ńbà SHA256 tí wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tó máa ń yí padà bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan fáìlì, wé ti fáìlì tí mo gbà kí n tó ṣí i.

Kí n tó sọ bí mo ṣe lò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń fa ìdádúró yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń dá fóònù lẹ́bi láìwádìí. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú fóònù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tú fídíò lọ. Irú fídíò tí ẹ̀yà yìí bá mọ̀, á tú u wẹ́rẹ́. Irú èyí tí kò bá mọ̀, ọpọlọ fóònù ni yóò ru ẹrù náà, fóònù á gbóná, àwòrán á sì máa já. H.264, ọ̀nà kan tí a fi ń di fídíò, tó jáde ní 2003, ni fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo mọ̀. HEVC tó tẹ̀ lé e ní 2013 kò dé ara ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́. Àpò lásán ni .mp4 àti .mkv, ọjà inú àpò ló ṣe pàtàkì, nítorí náà ẹni tó kàn yí orúkọ fáìlì láti .mkv sí .mp4 kò tíì ṣe nǹkan kan. Tiwa yìí, H.264 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n onífídíò yà á ní 1080p (ìlà 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀ àwòrán), àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mẹ́gábíìtì 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Ẹrù yẹn ju ohun tí fóònù Ìyá Abẹ́òkúta lè gbé lọ.

Mo ṣí fáìlì náà nínú HandBrake, mo mú ọ̀kan nínú àwọn ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Fast 720p30 (ìlà 720, àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), mo sì tẹ Start Encode. Core i5 àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà mi, ó lo bí ìṣẹ́jú 40. Gígábáìtì 11 di mẹ́gábáìtì 830, ó ń lọ láìdúró lórí fóònù, inú mi sì dùn títí mo fi dé ibi tí àwọn ọmọ olóòkú ti ń jó. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Fídíò kò dúró rárá, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí ìpele rẹ̀ kò dọ́gba.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìṣirò ni. Ètò tí mo mú fi àwòrán 30 ṣe òpin, kámẹ́rà sì ti ya 50. Nínú àwòrán márùn-ún kọ̀ọ̀kan, HandBrake ní láti ju méjì nù kí ó lè ku mẹ́ta, àlàfo tó wà láàárín àwọn tó kù kò sì lè dọ́gba láé: ọ̀kan gùn, òmíràn kúrú. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lo 30 àti 60. PAL, ìlànà tí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà gbà lò, 25 àti 50 ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń ṣètò ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àwọn onífídíò wa. Mo lọ sí abẹ́ Video, mo yí Framerate (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sí 25, mo sì mú Constant Framerate. Ó wá ń mú ọ̀kan, ó ń fi ọ̀kan sílẹ̀, ijó sì bá ìlù mu. Lójú tèmi, ó yẹ kí ètò tó gbọ́n tó báyìí ti kìlọ̀ fún mi kí n tó tẹ Start.

Lábẹ́ Video kan náà ni RF wà, nọ́ńbà tí a fi ń sọ bí àwòrán yóò ṣe dára tó. Ohun tó máa ń da ènìyàn rú ni pé bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni àwòrán ń dára sí i, tí fáìlì sì ń wúwo sí i. Àwọn tó ń ṣe HandBrake dámọ̀ràn 19 sí 23 fún 720p. Mo dán 28 wò kí fáìlì lè fúyẹ́, ihò ara léèsì àwọn ìyàwó ilé sì pòórá, gbogbo rẹ̀ di aṣọ pẹlẹbẹ bí ẹni pé a kò náwó. Mo dán 18 wò, n kò rí ìyàtọ̀ kankan lójú fóònù, àfi pé fáìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. 22 ni mo fi í sí. Ní ti ohùn, AAC (ọ̀nà tí a fi ń di ohùn) oní-kílóbíìtì 160 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí mo bá níbẹ̀ ti tó. Nígbà tí mo sọ ọ́ di 64, ńṣe ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún bí ẹni ń da iyanrìn sórí páànù.

HandBrake kì í so fáìlì méjì pọ̀ di ọ̀kan, kì í sì í padà sẹ́nu iṣẹ́ tó já. Iná lọ nígbà kan tí mo ti dé ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún, bátìrì kọ̀ǹpútà mi kò sì dúró. Fáìlì tó ṣẹ́ kù kò ṣeé ṣí, nítorí pé ìparí iṣẹ́ ni a máa ń kọ atọ́ka MP4, láìsí atọ́ka náà, fóònù kò lè mọ ibi tí àwòrán kankan wà. Mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń lo Range láti pín fídíò gígùn sí apá bíi mẹ́ta, kí ó lè jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni yóò bàjẹ́ bí iná bá lọ.

Fún àwọn ẹbí tó wà ní London, mo fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi Document, èyí tó ń gba gígábáìtì 2 láti ọdún 2022. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp yóò tún fún un pọ̀ kí ó lè kéré sí i, gbogbo wàhálà RF yín á sì di asán.

Ìyá Abẹ́òkúta wò ó tán, ó súre fún mi, ó sì béèrè bóyá mo lè bá òun ṣe DVD ìgbéyàwó ọmọ òun ti 2009 náà. Wọn kò ti DVD onífídíò yẹn pa, nítorí náà HandBrake ṣí i, kì bá tí ṣí i ká ní títì ni. Níbi tí ènìyàn bá ti ń rìn nínú rẹ̀, àwòrán ń ya ìlà bí eyín òòyà, Decomb tó wà lábẹ́ Filters sì mú un kúrò. Àmọ́ àwo náà ti ha, ibi tó ha sí ni iṣẹ́ ti dúró. Mo ti fi aṣọ rírọ̀ nù ún, mo sì ti tún fi í sí Queue (ìlà iṣẹ́ tó ń dúró) fún alẹ́ òní, bí iná bá dúró.