Àwòrán olóṣèlú nínú Harper's Weekly àti Frank Leslie's: èwo ni kí ẹ rà?

Kí ẹ tó náwó sí ewé ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ojú Abraham Lincoln tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà tàbí ti olóṣèlú ibẹ̀ mìíràn wà lára rẹ̀, ẹ mọ̀ pé orí igi ni wọ́n ti fín àwòrán náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Igi boxwood ni, ó le bí egungun. Wọ́n á gé e ní ìbú, wọ́n á dán ojú rẹ̀, ayàwòrán á ya ojú èèyàn sí i. Oníṣẹ́ ọnà á wá fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ gbogbo ibi tó yẹ kó funfun. Ìlà tó ṣẹ́kù ló ń gba tàdáwà.

Frank Leslie dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní 1855. Harper's Weekly dé ní 1857. Leslie ti fín igi rí ní London, ó sì mọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá: wọ́n á tú pákó ńlá sí wẹ́wẹ́, oníkálukú á fín ègé tirẹ̀, wọ́n á tún fi irin bóòtù (bolt) dè é pọ̀. Harper's náà lo ọgbọ́n yìí. Nítorí náà ni ìlà funfun tín-ín-rín ṣe máa ń la àwòrán kọjá nígbà mìíràn. Àwọn kan kà á sí àbùkù. Èmi máa ń wá a ni.

Tó bá jẹ́ ojú èèyàn lẹ fẹ́, Harper's ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ wo iwájú ẹ̀dà ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1860, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dìbò yan Lincoln. Winslow Homer ló yà á láti inú fọ́tò tí Mathew Brady yà nínú oṣù Kejì ọdún náà. Lincoln kò tíì dá irùngbọ̀n sí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé. Ẹ sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: àwọn ìlà kéékèèké ń tẹ̀ lé ibi tí ẹran ara ti jìn, wọ́n sì há mọ́ra lára ẹ̀wù dúdú. Leslie's dára fún èrò rẹpẹtẹ àti ìṣẹ̀lẹ̀. Lójú tèmi, ìkánjú hàn lára ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán tó fi olóṣèlú ṣe ẹ̀fẹ̀ kó wá ti Thomas Nast. Ọ̀dọ̀ Leslie ló ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ Harper's ló ti gbógun ti Tweed, olóṣèlú New York tó ń kó owó ìlú jẹ, ní 1871.

Aláwọ̀ ńkọ́? Dúdú àti funfun ni wọ́n tẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ ẹlòmíì ló kun wọ́n nígbà tó yá. Mo ti ra ọ̀kan rí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ìlà tí mo torí rẹ̀ rà á ló bò. N kò tún ra irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ lo awò tó ń mú nǹkan tóbi. Bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó dípò ìlà, àtúntẹ̀ ni. Ìlà nìkan kò tíì tó ẹ̀rí, torí wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ìgbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865) tẹ̀. Ewé Harper's gùn tó ínṣì 16, ó fẹ̀ tó 11, ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán mìíràn sì sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹ̀yìn náà ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.