Periodic Videos: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Nottingham

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí ó ti lè rí olùkọ́ yunifásítì tó ń ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́, ìkànnì Periodic Videos lórí YouTube ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ní Yunifásítì Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Brady Haran, akọ̀ròyìn ọmọ Ọsirélíà tó ń ya àwòrán wọn, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2008, pẹ̀lú èrò pé ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan (àwọn ohun ìpìlẹ̀ tí gbogbo nǹkan ti ṣẹ̀ wá), gbogbo 118, yóò ní fídíò tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni; owó dátà nìkan ni òǹwòran yóò san.

Sir Martyn Poliakoff, ọ̀jọ̀gbọ́n onírun funfun yàùyàù, ni gbajúmọ̀ ibẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n gba fọ́nrán kan nínú irun náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fín odidi tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì sí i lára láti fi ta á lọ́rẹ ọjọ́ ìbí. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó tán yóò mọ bí nǹkan ṣe ń kéré tó láìjẹ́ pé a ka nọ́ńbà sí i létí.

Èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù ni fídíò bọ́gà tí wọ́n rì sínú ásíìdì haidrokílóríìkì, irú èyí tó wà nínú ikùn ènìyàn, láti wo ohun tí yóò ṣe é. Ó ń dúdú, ó sì ń wó díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí ni mo ti ní àríwísí: ásíìdì inú ìgò le ju ti ikùn lọ púpọ̀, kì í sì í ṣe ásíìdì nìkan ló ń da oúnjẹ, nítorí pé pepsin, èròjà kan nínú omi ikùn, ń gé púrótéènì sí wẹ́wẹ́, iṣan ikùn sì ń pò ó pọ̀. Òǹwòran tó bá fi ohun tó rí nínú ìgò náà ṣe òdiwọ̀n ikùn ara rẹ̀ yóò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Fídíò tí wọ́n ṣe ní iyàrá ìpamọ́ wúrà Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, nítorí náà ni búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, tí kò tóbi púpọ̀, fi ń wọn kìlógíráàmù 12 ó lé díẹ̀, ìyẹn ni pé ó wúwo ju odidi àpò píọ̀ wọ́tà kan lọ.

Ní ti àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, kí wọ́n má fi í rọ́pò ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àlàyé ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀ sì máa ń kúrú nígbà tí iná àti èéfín bá ti gba eré náà. Sixty Symbols, tí àwọn onífísíìsì yunifásítì kan náà bẹ̀rẹ̀ ní 2009, jinlẹ̀ jù ú lọ ní ti àlàyé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀, yóò sì tètè sú ọmọdé. Fún olùkọ́ kẹ́místrì tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní làbù, fídíò ti sódíọ̀mù àti mákúrì ni kí ó kọ́kọ́ gbà sórí fóònù kí ó tó wọ kíláàsì.