WhatsApp Business fún àwa tí à ń ta adìrẹ: ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́

Adìrẹ ni mo ń tà l'Abẹ́òkúta, ẹlẹ́kọ (tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí aró má baà wọ ibẹ̀), oníko (tí a fi okùn ìko dì kí a tó rẹ ẹ́) àti kampala (tí a fi aró òyìnbó pa) tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà jù báyìí, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi WhatsApp Business polówó wọn. Ẹni tó bá ń wá ibi tó ti máa polówó ọjà láìná owó gọbọi, èyí ni kó kọ́kọ́ gbé sórí fóònù ẹ̀, kó fi Instagram àti TikTok sílẹ̀ ná. Kì í ṣe tìtorí irinṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ o, tìtorí àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó fi nọ́ḿbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀ ti mọ̀ yín kó tó rí ọjà yín, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí ìpolówó ń wá kiri.

Fún ẹni tí ò tíì lò ó rí, ọ̀tọ̀ ni, ọ̀tọ̀ ni WhatsApp tí gbogbo wa jọ ń lò. January 2018 ni wọ́n gbé e jáde, ọ̀fẹ́ ni, lẹ́tà B ló wà nínú àmì ẹ̀. Síìmù kejì ni mo fi ṣí tèmi kí ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rọ̀ ọjà má baà dàpọ̀. Kátálọ́ọ̀gì ẹ̀, tí wọ́n fi kún un ní 2019, ni mo máa ń lò jù, ọjà 500 ló lè gbà, ẹ máa fi fọ́tò sí i, ẹ máa kọ orúkọ ẹ̀, iye yáàdì àti iye owó, kọ́sítọ́mà á kàn fọwọ́ tẹ èyí tó bá wù ú. Ìdáhùn kíákíá náà wà níbẹ̀, ẹ kọ nọ́ḿbà àkáǹtì yín síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbàkígbà tí wọ́n bá béèrè ẹ ò tún ní máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ wá ṣìnà. Ó ní label aláwọ̀ tí mo fi ń ya àwọn tó ti sanwó sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè, ẹ sì lè so ó mọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin míì, torí náà ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi náà lè dá èèyàn lóhùn. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ tó máa ń jẹ́ fúnra ẹ̀ tí a ò bá sí nídìí fóònù, Yorùbá ni mo fi kọ tèmi: "Ẹ kú ilé o, aró wà lọ́wọ́ wa, tá a bá ti fọwọ́ tán a máa dá yín lóhùn." Òótọ́ ni, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ìkòkò aró ò lè di fóònù mú. Látìgbà tí mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìbínú àwọn tó ń retí èsì ti dínkù gan-an, àwọn míì á tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ, ibẹ̀ la ti ń di ojúlùmọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, lórí ọ̀rọ̀ iye owó, ẹ kọ ọ́ síta. Àṣà "ẹ wá DM fún iye ẹ̀" yìí ti sú àwọn èèyàn, èmi náà ń rajà, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. Òfin ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe láti dáàbò bo oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye ẹ̀ hàn. Mo mọ ohun tí àwa ọlọ́jà máa ń sọ, pé iye nǹkan ń yí, pé kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì tí a fi ń po aró òyìnbó, látìgbà tí náírà ti já lulẹ̀ ní 2023, kò sẹ́ni tó mọ iye tí wọ́n máa pè é lọ́la. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, tó bá ti yí mo yí i nínú kátálọ́ọ̀gì, kì í gba àsìkò rárá. Ẹni tó bá ti rí iye ẹ̀ tó ṣì tún kọ̀wé sí mi, ó ti múra àtirà nìyẹn.

Ibi tí ọjà ti ń tà gan-an ni Status. Ọdún 2017 ni WhatsApp gbé e dé bá a ṣe mọ̀ ọ́n yìí, fọ́tò tàbí fídíò tó máa pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, àwọn kan ka pípòórá yẹn sí àléébù, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìyá alágbàdo tó ń ké "láńgbé jinná o" kì í kọ ọ́ sára ògiri, ojoojúmọ́ ló ń gba àdúgbò kọjá, àwọn ará ilé mọ ohùn ẹ̀, wọ́n mọ àsìkò ẹ̀, ẹni tí ò rà lónìí á rà lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni Status ṣe rí fún ẹni tó bá fi sùúrù lò ó. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ o: tí ẹ bá ní nọ́ḿbà ẹnì kan lọ́wọ́ tí òun ò sì fi tiyín pamọ́, kò lè rí Status yín, ẹ ò báà gbé góòlù síbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń mówó wọlé fún mi bíi "ẹ bá mi fi nọ́ḿbà yìí pamọ́ o", ó wà lára káàdì tí mo ń fi sínú gbogbo aṣọ, mo sì tún máa ń sọ ọ́ lẹ́nu fún ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa dúró kó fi pamọ́ lójú mi.

Ohun tí mo tún ṣàkíyèsí ni pé fọ́tò aṣọ tí a ká sílẹ̀ dáadáa kì í fa èèyàn tó fídíò aṣọ tó ń jáde látinú aró. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú èlú, tó bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i ló máa sọ ọ́ di búlúù lójú yín báyìí báyìí. Ìyẹn ni mo ń yà, láìfi orin kankan sí i, ọjọ́ tí mo bá gbé e síta ìbéèrè kì í jẹ́ kí n sinmi. Tó bá jẹ́ adìrẹ tí wọ́n ń pe ọnà ẹ̀ ní Ìbàdàndùn ni mo gbé síta, mo máa ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú ọnà ẹ̀, àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà ní London ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dáhùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rí aṣọ yẹn lára ìyá àgbà wọn láti kékeré láìmọ̀ pé Mápó ló wà níbẹ̀. Ẹ má sì gbé e jù o. Àwọn ọlọ́jà kan wà tí Status wọn ti di àmì kéékèèké tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tí ó bá sú á kàn fi wọ́n sí mute nínú tiẹ̀ kó má baà rí wọn mọ́, WhatsApp ò sì ní sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí WhatsApp TV, torí òun ni àwọn èèyàn ń bi mí jù. Fún àwọn tó wà lókè òkun tí ò mọ̀ ọ́n: ẹnì kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, á kó nọ́ḿbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ, á máa gbé àwàdà àti òfófó sí Status ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, á wá máa gba owó lọ́wọ́ àwa ọlọ́jà láti fi ìpolówó wa sáàárín. Mo sanwó fún ọ̀kan. Ó ṣe ohun tó ní òun máa ṣe, ó tiẹ̀ ya iye àwọn tó wò ó ránṣẹ́ sí mi, wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tó tà níbẹ̀ ò tó owó tí mo san, àwọn tó sì kọ̀wé sí mi, ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń wá ni kí n fi nọ́ḿbà wọn pamọ́ kí àwọn náà lè rí èèyàn fún TV tiwọn. Nígbà tí mo ronú sí i ó yé mi. "Fi tèmi pamọ́ kí n fi tìẹ pamọ́" ni wọ́n fi ń kó èèyàn jọ, wọn ò mọ ara wọn rí, ọwọ́ ni wọ́n kàn ń fi tẹ ìpolówó kọjá kí wọ́n lè dé ibi tí àwàdà wà. Fún ẹni tó ń ta dátà ó lè dáa, torí ẹni tí ò mọ̀ yín lè fi ẹgbẹ̀rún kan náírà dán yín wò. Ìró ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí, téèyàn jókòó tì fún ọjọ́ púpọ̀, ta ló máa ra ìyẹn lọ́wọ́ àjèjì láàárín àwàdà méjì? Nǹkan míì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn TV yìí ń lo GB WhatsApp, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ WhatsApp fúnra ẹ̀, wọ́n sì lè ti irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ pa nígbàkígbà, tí ẹ bá ti sanwó ṣáájú, ọ̀dọ̀ ta lẹ fẹ́ lọ?

Ohun tó ń dùn mí wọra nínú gbogbo ẹ̀ ni olè fọ́tò. Ẹnì kan á ya Status mi, á gbé e sí tiẹ̀, á gba owó adìrẹ, á wá fi aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó kó wá láti Ṣáínà, ránṣẹ́. Obìnrin kan gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi pé àwọ̀ ẹ̀ ń ṣí, àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, torí fọ́tò tèmi ni wọ́n fi tà á fún un. Kò sí nǹkan kan nínú áàpù yìí tó lè dènà ẹ̀. Báyìí, kò sí fọ́tò tí mo ń yà tí ọwọ́ mi tí aró ti pa láró kì í sí nínú ẹ̀, ọwọ́ yẹn ni lógò mi, àwọn kọ́sítọ́mà mi sì ti mọ̀ ọ́n. Mo tún ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa yí ẹ̀yìn aṣọ wò kí wọ́n tó sanwó: aró máa ń wọ inú òwú dé ẹ̀yìn, aṣọ tí wọ́n kàn tẹ̀, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ kì í sábà mú bíi ti iwájú. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àwọn àgbà ò purọ́, ẹni tó ń jí fọ́tò kò sì lè jí ìyẹn.

Broadcast, tí a fi ń fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ńkọ́? Ó dáa fún ọjọ́ tí ọjà tuntun bá dé, ṣùgbọ́n èèyàn 256 ni list kan ń gbà, ẹni tí ò sì fi nọ́ḿbà yín pamọ́ kò ní rí i gbà níbẹ̀ náà. Ẹ má gbé gbogbo kọ́sítọ́mà yín sínú fóònù nìkan. Lọ́jọ́ 4 October 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pa pọ̀ kárí ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹni tí ò kọ nọ́ḿbà sínú ìwé lọ́jọ́ náà, ọjà ẹ̀ dúró sójú kan. Mo ní ìwé tí mo kọ gbogbo wọn sí, pẹ̀lú àwọ̀ tí oníkálukú fẹ́ràn.

Ohun tí mo ń ṣọ́ báyìí ni ìpolówó tí wọ́n ń mú wọ inú Status. Àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀ ní 2009, Jan Koum àti Brian Acton, kórìíra ìpolówó débi pé Acton kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pé kò ní sí ìpolówó níbẹ̀, Koum sì fi ìwé yẹn sórí tábìlì ẹ̀. Facebook rà á ní 2014, àwọn méjèèjì ti lọ, ní June 2025 Meta, orúkọ tí ilé iṣẹ́ Facebook ń jẹ́ báyìí, kéde pé ìpolówó máa wọ Status. Èmi ọlọ́jà ni o, mi ò lè sọ pé ìpolówó ò dáa. Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn èèyàn mi fi ń wo Status mi ni pé àárín fọ́tò ìsọmọlórúkọ àbúrò wọn àti ìkíni Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n ti ń rí i, wọ́n gbà pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ làwọn mọ̀. Tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bá kún ibẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ ti TV kọjá ni wọ́n máa fi tẹ tèmi náà kọjá. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, mi ò tíì lè fún un ní ìkarùn-ún títí n óò fi rí ibi tí ìyẹn máa já sí.